Ṣé irin tí wọ́n fi ń dí ihò ọkàn máa ń dógùn-ún?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọbìnrin mi pé ọdún 5. Echo (àyẹ̀wò tó ń ya àwòrán ọkàn) fi hàn pé ihò 14 mm wà láàrin yàrá òkè méjèèjì nínú ọkàn rẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n ní àwọn lè ti irin kan gba ìdí itan rẹ̀ lọ dí i, láì la àyà. Alágbo wa ní irin náà á dógùn-ún sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bó bá sì dàgbà, irin á kéré, á já bọ́. Ó ní àgbo tòun ló dí ti ọmọ aládùúgbò wa. (Ìyá kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ọ̀rọ̀ irin tó ń dógùn-ún yìí ti sú mi í gbọ́.

Kì í ṣe irin ìṣó. Wáyà tín-ín-rín ni, àdàpọ̀ nickel àti titanium, tí wọ́n hun di àwo pẹlẹbẹ méjì tí ọrùn kúkurú so pọ̀, bíi bọ́tìnnì olójú méjì. Bí wọ́n bá fà á, á gùn tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú rọ́bà tí wọ́n tì gba ìdí itan; bí wọ́n bá tì í jáde, á tún padà di àwo. Àwo kan á ṣí sápá òsì ihò, èkejì sápá ọ̀tún. Wọn kò ní tíì tú u kúrò lára wáyà tó gbé e lọ. Bí kò bá jókòó dáadáa, wọ́n á fà á padà.

Kò ní dógùn-ún. Láàrin nǹkan bí oṣù 6, ẹran ọkàn fúnra rẹ̀ á ti hù bò ó. Kò sì ní kéré, torí àwọn àwo náà ti fẹ̀ ju ihò lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ihò tó ti dí kì í sì í bá ọmọ dàgbà. Láti 1975, ní New Orleans, Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú nǹkan báyìí dí ihò ọkàn ènìyàn. Kì í ṣe ara ọmọ yín ni wọ́n ti fẹ́ dán an wò.

Ọmọ aládùúgbò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ihò kéékèèké, pàápàá láàrin yàrá ìsàlẹ̀, máa ń dí fúnra wọn. Ara ọmọ ló ṣiṣẹ́, alágbo ló gbowó. Mi ò retí pé ihò 14 mm lára ọmọ ọdún 5 á dí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò rí ọmọ yín, dókítà yín ló rí i. Bí ihò bá sún mọ́ fáàfù (ilẹ̀kùn inú ọkàn) jù, tàbí tí etí rẹ̀ kò ní ẹran tó tó tí àwo lè dì mú, àyà ni wọ́n máa là. Ẹ bi wọ́n nípa etí ihò yẹn. Bí yẹtí olówó pọ́ọ́kú bá máa ń mú etí ọmọ náà yún tàbí wú, ẹ sọ fún wọn, torí ó lè jẹ́ pé nickel, tó wà nínú wáyà yẹn náà, kò bá ara rẹ̀ mu. Ẹ má sì fi falẹ̀: ihò ńlá tí a pa tì lè ba iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ débi pé dídí rẹ̀ gan-an á di ewu.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dí i, ẹ lo aspirin bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́, ẹ má fi àgbo kankan kún un. Bí àyà bá ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tó dákú, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.