Káàdì àpò àti ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀: èwo gan-an ni òfin ìbọn yíyìn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń gbọ́ rules of engagement nínú ìròyìn ṣáá, ìyẹn òfin tó ń sọ ìgbà tí sójà lè yìnbọn àti ìgbà tí kò gbọdọ̀ yìn ín. Ẹnì kan ní ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ ni, ẹlòmíì ní káàdì kékeré tó ń wọ àpò ni. Ṣé ti ọ̀gá yàtọ̀ sí ti ọmọ iṣẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Àwọn méjèèjì ò parọ́ fún yín. Bí òfin yẹn bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń kúrú sí i: ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ ni lókè, káàdì ni lọ́wọ́ sójà. Lókè lọ́dọ̀ ìjọba, ọ̀rọ̀ òṣèlú ló pọ̀ nínú ẹ̀, ta ni ọ̀tá, ibo la lè jà dé. Ọ̀gá àárín á wá wo ilẹ̀ tó wà níwájú ẹ̀, ó lè mú un le sí i, àmọ́ kò láṣẹ àtidẹ okùn ẹ̀, tó bá fẹ́ kó dẹ̀ àfi kó tọrọ ẹ̀ lókè.

Ẹ wo ogun Falklands, 1982, erékùṣù tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ajẹntínà jà lé lórí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kéde máìlì 200 yí erékùṣù yẹn po, wọ́n ní ọkọ̀ Ajẹntínà tó bá wọ ibẹ̀ á rugi oyin. Ọkọ̀ ogun Ajẹntínà, Belgrano, wá wà níta ààlà yẹn, Conqueror tó jẹ́ ọkọ̀ abẹ́ omi Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n òfin ò jẹ́ kó yìn. Ádímírà Woodward tó jẹ́ ọ̀gá lójú òkun níbẹ̀ tiẹ̀ fi àṣẹ ránṣẹ́ sí i pé kó yìn, ó mọ̀ pé òun ò lágbára ẹ̀, ó kàn fẹ́ kí àwọn ọ̀gá ológun ní Northwood, oríkò wọn nílé Gẹ̀ẹ́sì, tètè ta jí ni (ọgbọ́n àgbà!), wọ́n sì fagi lé àṣẹ yẹn lóòótọ́. Ìgbà tí Thatcher, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àtàwọn mínísítà ẹ̀ gbà á ní Chequers, ilé olórí ìjọba ní ìgbèríko, lọ́jọ́ 2 oṣù karùn-ún ni Conqueror tó yìn, èèyàn 323 ló kú.

Ti mímú un le yẹn ló máa ń dùn mí jù, torí kò sẹ́ni tó ń tọrọ ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní Beirut ní Lẹ́bánónì lọ́dún 1983, káàdì funfun ló wà lọ́wọ́ àwọn Marine, ìyẹn ẹ̀ka kan nínú ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ní pápákọ̀ òfurufú. Káàdì yẹn ní tí sójà bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kí magasíìnì, ìyẹn ilé tí ọta ń wà, wà nínú ìbọn ẹ̀, kó ṣáà má fa ọta sẹ́nu ẹ̀ ni. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ wá ní àwọn tó ń ṣọ́ inú ọgbà ò gbọdọ̀ ki magasíìnì bọ̀ ọ́ rárá, kí ìbọn má baà ṣèèṣì dún kó lọ ba aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni o, kì í ṣe òmùgọ̀.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá, láàárọ̀ kùtù, lọ́rí kan tó gbé bọ́ǹbù já wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn ki magasíìnì, ó fa ọta, ó gbé ìbọn sí èjìká, ó fojú sùn ún, lọ́rí ti wọ inú ilé lọ. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà 241 ló kú, àṣẹ pé kí wọ́n má ki magasíìnì yẹn ò sì sí nínú ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀, kò sí lórí káàdì náà.