Kí ẹ tó sanwó laptop tòkunbọ̀ fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ kóòdù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó ọmọ o. Ẹ ní ọmọbìnrin yín ti ṣe WAEC tán, ó fẹ́ máa kọ́ kóòdù kó tó wọ yunifásítì. Wọ́n wá gbé laptop méjì síwájú yín: i7 tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) jẹ́ 4GB, àti Celeron tuntun tó ṣì wà nínú páálí (i7 àti Celeron ni orúkọ ọpọlọ inú wọn), iye kan náà ni wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ń pe méjèèjì. Màá dáhùn, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹni tó ń tà á kò ní sọ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́, torí ó ṣì ń dùn mí.

Tòkunbọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ mọ́, ó yá, Python, èdè kóòdù kan, ni mo ń kọ́ lórí rẹ̀, mo tiẹ̀ ti ń fi ṣe iṣẹ́ kékeré fún ẹnì kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ni mo bá reset Windows rẹ̀, ìyẹn ni pé mo dá a padà sí bó ṣe wà ní tuntun. Bó ṣe tún tàn, tí mo so ó pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Ọba ló yọ lójú rẹ̀, ó ní kí n fi ímeèlì ibi iṣẹ́ mi wọlé. Ibi iṣẹ́ wo? Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

Mo gbé e padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi. Ó ní ọjọ́ wáráńtì ti kọjá, pé ta ló ní kí n tẹ reset. Ẹnjiníà kan tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbowó, ó yọ bátìrì kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù, ó dá a padà, ó ní ó ti parí. Mo délé, mo so ó pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ ìlú Ọba tún yọ. Òmíràn ní àfi kí n pààrọ̀ SSD, ibi tí laptop ń kó nǹkan pa mọ́ sí. Mo pààrọ̀ rẹ̀, pàbó ló já sí. Ẹlòmíràn tún ní bọ́ọ̀dù ló kù tí a máa rà. Inú bí mi débi tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ohun tó ń ṣe laptop náà, gbogbo wọn ló sì gbowó. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan, ṣé kò lè sọ pé òun ò mọ̀ ni?

Ìgbà tí mo jókòó kà nípa rẹ̀ fúnra mi ni mo tó rí ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá lókè òkun, tí wọ́n bá ra laptop fún òṣìṣẹ́, wọ́n máa ń forúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft. Autopilot ni wọ́n ń pè é. Ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó tà á dànù, ṣùgbọ́n àwọn kan kì í yọ ọ́. Ọ̀dọ̀ Microsoft lọ́hùn-ún ni orúkọ yẹn wà, kò sí nínú SSD, ìdí nìyẹn tí pípààrọ̀ SSD ò fi ràn án. Àwọn kan nínú àwọn tó ń tà á wá mọgbọ́n sí i: wọ́n á gbé Windows sórí rẹ̀ láì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Kò ní béèrè nǹkan kan, ẹ ó sì máa lò ó wẹ́rẹ́ títí dọjọ́ tí ẹ bá reset rẹ̀. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tí a lè lò dípò Windows, ni mo gbé sórí tèmi níkẹyìn, torí Autopilot ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Linux, orí rẹ̀ ni mo sì ti parí ẹ̀kọ́ mi. Ṣùgbọ́n Windows tí mo sanwó mọ́ ọn, mi ò rí i lò mọ́.

Nítorí náà, kí wọ́n reset rẹ̀ níṣojú yín. Tí wọ́n bá ní yóò pẹ́, ẹ ní ẹ ti wá jókòó. Tí wọ́n bá ní kò sí dátà, ẹ tan hotspot fóònù yín. Tó bá béèrè orílẹ̀-èdè àti kíbọ́ọ̀dù tán, ẹ so ó pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ àkáǹtì Microsoft lásán ló ń béèrè, kò séwu. Tí orúkọ ilé iṣẹ́ bá yọ, ẹ dìde, ẹ má gbọ́ “a máa bá yín yọ ọ́”. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á, ẹ tún tàn án, kí ẹ máa tẹ F10 tó bá jẹ́ HP, F2 tó bá jẹ́ Dell, F1 tó bá jẹ́ ThinkPad. Tó bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù kó tó jẹ́ kí ẹ wọ BIOS, ètò inú ẹ̀rọ tó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn, torí ẹ lè má rí Linux pàápàá gbé sórí ìyẹn. MacBook náà ní tirẹ̀: tí àkáǹtì iCloud ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ bá ṣì wà lórí rẹ̀, owó yín ti wọgbó.

Bátìrì ńkọ́? Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ powercfg /batteryreport, yóò sọ ibi tó fi ìròyìn náà pa mọ́ sí. DESIGN CAPACITY ni agbára bátìrì nígbà tó wà ní tuntun, FULL CHARGE CAPACITY ni èyí tó kù. Tí ìkejì kò bá tó ìdajì ìkíní, ẹ yọ owó bátìrì kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Pẹ̀lú bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa, bátìrì tó kú sára máa dá ẹ̀kọ́ ọmọ náà dúró.

Ẹ má wo i7. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ni kí ẹ wò. Nínú i7-4600U, 4 yẹn ló ń sọ pé ìran kẹrin ni, 2013 ló jáde. i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, ó jáde ní 2017, core mẹ́rin (ọwọ́ tí ọpọlọ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́) ló ní, i7 yẹn sì ní méjì péré. Ìran kẹrin ò sí lára àwọn tí Windows 11 gbà, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Ní ti Celeron tuntun, wọ́n sábà máa ń lẹ RAM rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé fi kún, ibi ìpamọ́ rẹ̀ a sì máa jẹ́ eMMC 64GB, irú tó lọ́ra ju SSD lọ. Tí ọmọ bá ṣí VS Code tí wọ́n fi ń kọ kóòdù àti Chrome pọ̀, yóò máa mí hẹlẹ.

Àwọn olùkọ́ kóòdù tó ń sọ pé ẹni tí kò bá ní MacBook tàbí RAM 16GB kó má wá, ọmọ tálákà ni wọ́n ń lé sẹ́yìn. HTML, CSS, JavaScript àti Python, 8GB tó wọn. Tó bá jẹ́ Android Studio, èyí tí wọ́n fi ń ṣe áàpù fóònù, ló fẹ́ lò, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá 16GB.

Nínú méjì tí ẹ gbé wá, ẹ má ra ìkankan. ThinkPad T480, HP EliteBook 840 G5 tàbí Dell Latitude 7490 ni kí ẹ béèrè, i5 ìran kẹjọ, RAM 8GB, SSD 256GB. Àyè RAM méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lè fi kún un tówó bá dé. Àwọn T480 àti 840 G5 kan wà tó jẹ́ ìran keje, ẹ ṣáà wo nọ́ńbà. T480 ni èmi ìbá mú, bátìrì méjì ló ní, ọ̀kan ṣeé yọ látẹ̀yìn. Gbígbé VS Code sórí rẹ̀ ò le, ọmọ náà máa mọ̀ ọ́n. Kó ṣí àkáǹtì GitHub, ibi tí wọ́n ń kó kóòdù pa mọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́jọ́ kìíní, kó máa kó iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, torí SSD tòkunbọ̀ lè kú láì sọ tẹ́lẹ̀.

Tí ẹ bá ti rí ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò System Information rẹ̀ àti ìròyìn bátìrì yẹn, ẹ fi ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó. Màá bá yín wò ó.