Serie D ní Ítálì: ṣé kí ọmọ mi tìtorí bọ́ọ̀lù pa ilé ẹ̀kọ́ tì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Brescia ní Ítálì ni mo ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo bí ọmọ mi ọkùnrin sí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18 ni. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Serie D, ìpele kẹrin bọ́ọ̀lù Ítálì, fẹ́ gbà á; wọ́n ní àwọn yóò fún un ní ilé, oúnjẹ àti owó díẹ̀ lóṣooṣù. Ó wá fẹ́ pa ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó ń lọ tì. Bàbá rẹ̀ ní kó máa lọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Serie A, Serie B àti Serie C, tí ẹgbẹ́ 60 wà nínú rẹ̀ ní ìsọ̀rí mẹ́ta, ni òfin Ítálì kà sí bọ́ọ̀lù tí a fi ń ṣiṣẹ́ jẹ. Serie D àti gbogbo ìpele tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ Lega Nazionale Dilettanti, àjọ àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù ṣe fàájì. Fàájì yẹn kò ju orúkọ lọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣe ìdánrawò lójoojúmọ́ tí wọ́n sì ń gbowó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2023 ni òfin tuntun ti ka irú wọn sí òṣìṣẹ́, tí kò sì sí owó orí lórí 15,000 yúrò àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbà lọ́dún.

Ohun tó kàn mí jù ni ọjọ́ orí rẹ̀. Dandan ni kí ẹgbẹ́ Serie D kọ̀ọ̀kan ní iye ọ̀dọ́ kan lórí pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ títí dé òpin. "Under" ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní báyìí, ìwé ìbí ọmọ yín ń bá a gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá ti di ẹni ọdún 21 tàbí 22, àbúrò rẹ̀ kan ni yóò gba àyè yẹn, òun yóò sì máa bá àwọn àgbà tó ti Serie C tàbí B bọ̀ du ìwọ̀nba tó kù. Mo ti rí ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé ìparí rẹ̀, tí fóònù rẹ̀ kò sì dún rárá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e.

Owó pàápàá kì í dájú, kódà ní Serie C. Lọ́jọ́ 17, oṣù Kejì, ọdún 2019, Pro Piacenza lọ kojú Cuneo lẹ́yìn tí àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ nítorí owó oṣù tí wọn kò rí gbà. Ọmọdé méje ló bọ́ sórí pápá. Kí wọ́n tó lọ sinmi, bọ́ọ̀lù 16 ti wọ àwọ̀n wọn. 20 sí òdo ló parí sí, wọ́n sì lé ẹgbẹ́ náà kúrò nínú líìgì.

Bí bàbá rẹ̀ bá ti ń wo bọ́ọ̀lù tipẹ́, yóò mẹ́nu ba Dario Hübner, atamátàsé tó pẹ́ kó tó dé Serie A. Òótọ́ ni ìtàn yẹn. Ó gba ẹgbẹ́ Pergocrema àti Fano kọjá nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ti pé ọgbọ̀n ọdún kó tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Serie A, fún Brescia ìlú yín gan-an lọ́dún 1997, ó sì gbá a sáwọ̀n Inter lọ́jọ́ náà. Ní sáà 2001–02, góòlù 24 tó jẹ fún Piacenza ló jẹ́ kí òun àti David Trezeguet jọ ṣíwájú gbogbo atamátàsé líìgì náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ fèrèsé alumíníọ̀mù ló ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbà á. Iṣẹ́ káfíńtà náà ni Moreno Torricelli ń ṣe nígbà tí Juventus mú un láti Caratese, ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù ṣe fàájì, lọ́dún 1992. Iṣẹ́ ọwọ́ kò dí ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́nà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ bi ẹgbẹ́ náà léèrè aago tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò, kó má baà kọlu àsìkò ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ ọ̀sán. Ilé àti oúnjẹ tí wọ́n fẹnu ṣèlérí gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn, kí wọ́n sì fi àdéhùn náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ líìgì, torí ìwé yẹn ni ẹ óò gbé síwájú bí gbèsè bá ṣẹlẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò wà ní AIC, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n lè bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kó tó buwọ́ lù ú.

Bí kò bá tíì gba ìwé ọmọ ìlú Ítálì, tó sì ti ń gbé Ítálì láìdáwọ́dúró láti ìgbà tí ẹ ti bí i, ọdún kan péré ni òfin fún un láti lọ kéde ní ọ́fíìsì comune (ìjọba ìbílẹ̀) pé òun fẹ́ di ọmọ Ítálì, ìyẹn kó tó pé 19. Ìforúkọsílẹ̀ ẹni tí kò ní ìwé Yúróòpù le gan-an bó bá fẹ́ gòkè lọ sí Serie C, nítorí náà ẹ lọ ṣe èyí kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.