Ẹnì kan nínú 100,000 ni, àbí ẹnì kan nínú 500?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún 56, kì í fi etí òsì gbọ́ràn dáadáa mọ́. MRI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, fi kókó kan tó fẹ̀ tó mìlímítà 9 hàn lórí iṣan tó ń gbé ìró láti etí náà lọ sí ọpọlọ. Acoustic neuroma ni dókítà pè é, wọ́n ní kò wọ́pọ̀, pé ẹnì kan nínú 100,000 ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní ẹnì kan nínú 500 lòun kà. Èwo ni ká gbà? Ṣé jẹjẹrẹ ni? Ṣé àwọn ọmọ wọn lè jogún rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìbòrí iṣan tó ń bá wa dúró láìta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n ló ti ń hù, ní ẹ̀gbẹ́ iṣan ìgbọ́ràn gan-an, kì í sì í tàn lọ sí ibòmíràn nínú ara.

Ní ti iye, kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lára wọn láàárín ọdún kan ni dókítà ń kà, àmọ́ iye náà ti pẹ́. Àwọn tí yóò ní in nígbà kan láyé wọn ni ọmọ yín ń kà. Ẹ wo Dẹ́ńmákì, tí wọ́n ti ń kọ wọ́n sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè láti 1976. Nígbà yẹn, bí ẹni 3 ni wọ́n ń rí lọ́dún nínú mílíọ̀nù kan. Ní 2015, ó ti di 34. Ẹ wá ka 34 yẹn lọ́nà 70, fún ẹni tó lo 70 ọdún láyé: 2,380 nínú mílíọ̀nù kan ni, ìyẹn bí ẹnì kan nínú 420.

MRI ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ yẹn. Kí ó tó dé, lọ́pọ̀ ìgbà, àfi tí kókó náà bá tóbi gan-an ni wọ́n tó ń rí i. Ní báyìí, wọ́n ń rí èyí tí kò ju mìlímítà mélòó kan lọ. Tí wọ́n bá fi MRI ya orí 10,000 ènìyàn nítorí nǹkan mìíràn, wọ́n sábà máa ń bá a lára bí ẹni 2 tí kò mọ̀ rárá. Ibi tí MRI ti wọ́n, tó jẹ́ pé àpò ara ẹni la fi ń san án, bíi Nàìjíríà, iye tí wọ́n bá rí kò lè sọ iye tó wà.

Ìdí nìyí tó fi dùn wá pé ẹ̀gbọ́n yín tètè lọ. Àmì tó yẹ kéèyàn ṣọ́ ni etí kan ṣoṣo tó ń di, tàbí tó ń hó láìdákẹ́. Ẹ gbé fóònù sí etí ọ̀tún, kí ẹ tún gbé e sí òsì: tí ìró bá ń wọlé àmọ́ tí ọ̀rọ̀ ò yé yín ní ìhà kan, ẹ lọ bá dókítà etí. Wọn yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ìdọ̀tí tàbí ọyún ló dí i, wọn yóò wá ṣe ìdánwò ìgbọ́ràn. Bí ìyàtọ̀ etí méjèèjì bá tó dẹ̀síbẹ̀lì 15 (ìwọ̀n bí ìró ṣe ròkè tó) ní 3,000 Hz (ìró olóhùn tín-ín-rín), MRI pẹ̀lú gadolinium, oògùn tí wọ́n ń fa sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kí kókó lè hàn kedere, ló kàn. CT, ẹ̀rọ mìíràn tó ń fi ìtànṣán X-ray ya àwòrán, lè má rí kókó tó kéré, nítorí náà CT tó mọ́ kò parí ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, nínú 100 tí wọ́n bá rán lọ ya MRI nítorí èyí, bí ẹni 2 péré ni wọ́n máa ń bá a lára wọn.

Mìlímítà 9 kéré. Púpọ̀ irú rẹ̀ kì í dàgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n sábà máa ń tún MRI ya lẹ́yìn oṣù 6 sí 12, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ẹ gba CD àwòrán náà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa: láìsí ti àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ó ti dàgbà. Etí lè máa di sí i bí kókó kò tilẹ̀ dàgbà, ẹ má jẹ́ kíyẹn yà yín lẹ́nu. Tó bá dàgbà, ìtànṣán tàbí iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò bá yín sọ.

Ní ti àjogúnbá, bí 5 nínú 100 ló so mọ́ àrùn tó ṣeé jogún tí wọ́n ń pè ní NF2, èyí tó sábà máa ń mú etí méjèèjì. Etí kan ṣoṣo, ní ọdún 56, tí kò sí irú rẹ̀ nínú ẹbí, kò jọ ọ́; kò sí ìdí láti fi MRI ya orí àwọn ọmọ wọn.