Ṣé ẹni òòṣà ni ọmọ tí ojú rẹ̀ ń ya sí imú?

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 3. Ó tó oṣù 4 báyìí tí ojú rẹ̀ ọ̀tún ti máa ń ya wá sápá imú, àgàgà tó bá ń jẹun tàbí tó bá ń wo ìwé. Ìyá ọkọ mi ní Kábà ní ẹni òòṣà ni, ká má fọwọ́ kàn án. Kí ni ẹni òòṣà gan-an? Ṣé lóòótọ́ ni pé a kì í tọ́jú irú ojú bẹ́ẹ̀?

Okun o, ìyá ọmọ. Ẹ má bá màmá jà. Ọ̀rọ̀ tó ti dàgbà ju ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ilẹ̀ wa lọ ni wọ́n sọ yẹn, ibi tí wọ́n sọ ọ́ sí ni kò tọ́.

Àfín, abuké, arọ àti aràrá ni Yorùbá ń pè ní ẹni òòṣà. Ọbàtálá ni òòṣà tí wọ́n ń wí, òun ni wọ́n ní ó ń fi amọ̀ mọ ènìyàn. Ìtàn ní ó mu ẹmu yó lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ò sì gún mọ́. Ẹ̀yìn ẹni kan yọ gannku, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ká kò. Nígbà tí ọtí dá lójú rẹ̀, ó ní ẹ̀bi òun ni, ó sọ wọ́n di ẹni tirẹ̀, ó sì fi ẹmu ṣe èèwọ̀. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, òòṣà ló ń bú. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà mọ nìyẹn. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ní kí arọ má tẹ ọ̀pá.

Ojú tó ń ya kò sí lára àwọn tí wọ́n máa ń kà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ba màmá lẹ́rù. Àwọn ọmọ iléèwé á máa pè é ní "háfù-páàsì-fọ́ọ̀". Ìyá àgbà ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ọ̀nà jíjìn, ó wá fi aṣọ òòṣà bo ọmọọmọ rẹ̀.

Ẹ rántí àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún aboyún: "Òòṣà á yanà ire kò wá o." Ẹ̀yin náà á ti ṣe àmín sí i. Ó dára, ní ti ojú, ọnà yẹn kì í parí lọ́jọ́ ìkómọ. Ọpọlọ ọmọ ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń fi ojú méjèèjì wo nǹkan kan ṣoṣo títí tó fi tó bí ọmọ ọdún 7 tàbí 8. Bí ojú kan bá ń ya, nǹkan méjì ni ọpọlọ ń rí. Kó má bàa dàrú, á pa ojú tó ń ya tì. Ojú náà kò fọ́, kò sì ní egbò, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ kò ní ríran dáadáa mọ́. Ìdí nìyí tí "á tò fúnra rẹ̀" fi léwu.

Ẹ fún un ní ẹ̀pà kan kó wò ó nítòsí. Ojú á sá wọ̀dí imú. Ẹ wá ní kó wo ewúrẹ́ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, bóyá ojú á tò. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹyinjú rẹ̀ kúrú díẹ̀ sí bó ṣe yẹ, tó fi ń tiraka jù kó tó ríran kedere. Bí ènìyàn bá ń tiraka láti wo ohun tó wà nítòsí, ojú méjèèjì máa ń fà mọ́ra, tèmi àti tiyín náà ń ṣe é. Tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Irú èyí sábà máa ń yọjú láàárín ọdún 2 sí 3, jígí nìkan sì lè tò ó. Àwọn míràn nílò kí dókítà bo ojú tó dára fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, kí ojú tó ń ṣọ̀lẹ lè ṣiṣẹ́. Fún àwọn kan, iṣẹ́ abẹ ni, lórí iṣan tó ń yí ẹyinjú.

Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù 4 lè máa yí ojú káàkiri, ìyẹn kò burú. Ìdí imú wa tó fẹ̀ náà a máa tan ènìyàn jẹ. Ẹ wo fọ́tò tí wọ́n fi iná yà: tí àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré bá wà ní ibi kan náà nínú ọmọlójú méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ imú ló tàn yín. Ṣùgbọ́n tí ọmọlójú kan bá funfun nínú fọ́tò, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn tó ní dókítà ojú. Láti Kábà, ẹ lè lọ sí Lọ́kọ́já. Àwọn tó wà lápá Ẹ̀gbẹ̀ lè gba Ìlọrin lọ. Ẹ ní dókítà ojú lẹ ń wá. Wọ́n á kán oògùn sí i lójú kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, oòrùn á sì máa yọ ọ́ lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ mú fìlà dání. Ẹ mú màmá náà dání. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa bo ojú òsì, ọmọ á fẹ́ já ìbòjú náà dànù ní gbogbo ìgbà, kò sì sẹ́ni tó lè ṣọ́ ọ tó ìyá bàbá rẹ̀.