Ẹ Bi Apẹja Léèrè: Bonefish, kayak, àti ẹja tí wọ́n ń dá padà sómi

*Ẹ̀gbọ́n Apẹja, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Miami ní kí n wá kí òun, ó sì ní òun máa mú mi lọ pa ẹja kan tí wọ́n ń pè ní bonefish. Inú kayak, ọkọ̀ ojú omi tóóró tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, la máa wà, fly, ìwọ̀ tí wọ́n ṣe bí oúnjẹ ẹja, la sì máa fi pa á. Láti kékeré ni mo ti ń fi ìwọ̀ àti ekòló pẹja ní odò Ọ̀bà. Ó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Omi ibẹ̀ ò ju orúnkún lọ, mi ò sì rí ẹja kankan, àfi òun tó ń nàka síbì kan. Kí ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó lọ? — Bàbá Ṣadé, Takié, Ògbómọ̀ṣọ́.*

Bàbá Ṣadé, ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Ẹ má dá ojú yín lẹ́bi. Ẹja wà nínú fídíò yẹn. Ìpẹ́ bonefish ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀ iyanrìn àti koríko abẹ́ omi fi máa ń hàn lára rẹ̀, ojú èèyàn á sì kọjá lórí rẹ̀ láìmọ̀. Òjìji rẹ̀ lórí iyanrìn lẹ máa kọ́kọ́ rí. Bí omi ò bá jìn, ẹ tún lè rí ìrù rẹ̀, torí pé ó máa ń dorí kodò, á máa fi imú tú iyanrìn wá edé, akàn àti ekòló òkun, ìrù á wá yọ sókè.

Nítorí náà, awò ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ṣáájú ọ̀pá, ṣáájú okùn. Kì í ṣe dúdú lásán tí wọ́n ń kiri rẹ̀ ní gáréèjì o. Èyí tí wọ́n ń pè ní polarized ni, òun ló ń pa dídán ojú omi kí ojú lè wọlé. Ẹ dé fìlà tó ní etí níwájú, kí ẹ sì jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ẹ jókòó kí ẹ jẹun, torí ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ní ti kayak, èrò tèmi lè yàtọ̀ sí ti ọmọ yín. Ó dára láti fi dé ibi tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ò lè wọ̀, torí omi díẹ̀ báyìí ti tó o láti léfòó, kì í sì í pariwo. Ṣùgbọ́n mọ́tò ni kí ẹ kà á sí: tó bá ti gbé yín débẹ̀, ẹ bọ́ọ́lẹ̀. Ojú ẹni tó jókòó sínú kayak sún mọ́ omi jù, ìwọ̀nba iwájú rẹ̀ ló lè rí. Okùn tó bá jù sẹ́yìn á máa gbá omi. Tó bá rí ẹja lọ́wọ́ ọ̀tún, afẹ́fẹ́ á ti yí ọkọ̀ sí òsì. Bí àjẹ̀ bá sì kan ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kò!, gbogbo agbo ẹja ti lọ nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń dúró lórí kayak tó fẹ̀, wọ́n á máa fi ọ̀pá gígùn tì í lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ṣe ìyẹn. Ẹ̀yin ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ títí ẹ ó fi débẹ̀.

Tí ẹ bá débẹ̀, kí ọmọ yín gún ọ̀pá mọ́ iyanrìn, kó so ọkọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn. Àwọn kan máa ń so ọkọ̀ mọ́ ìgbànú, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀: ọjọ́ tí ẹja bá sáré, okùn á lọ́ mọ́ ọkọ̀. Ẹ wọ bàtà tó nípọn. Ẹ má gbẹ́sẹ̀ sókè bí ẹni ń rìn lójú títì, ṣe ni kí ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀. Stingray, ẹja pẹlẹbẹ tí oró wà nírù rẹ̀, máa ń sin ara rẹ̀ sínú iyanrìn. Tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín, á yà fún yín, àmọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ilé ìwòsàn ló kù.

Ọmọ yín á ti ní ọ̀pá. Ẹsẹ̀ bàtà 9 ni, èyí tí wọ́n kọ 8 sí lára, ìyẹn nọ́ńbà ìwúwo okùn tó bá a mu, pẹ̀lú okùn àfikún bí igba yáàdì nínú ríìlì. Fly ni ìwọ̀ kékeré tí wọ́n so irun àti ìyẹ́ mọ́ kó lè jọ edé. Èyí tí wọ́n ń pè ní Crazy Charlie wà lára àwọn tó lókìkí. Charlie Smith, tó máa ń fọ̀nà han àwọn apẹja ní erékùṣù Andros ní Bahamas, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹyinjú onírin tó wà lórí rẹ̀ máa ń mú kí ẹnu ìwọ̀ kọjú sókè, kó má bàa há sí koríko. Tí òkun bá ń kún, ẹja á bá omi wọlé wá jẹun; tí òkun bá ń fà, wọ́n á padà síbú. Ẹ má jù ú lé ẹja lórí. Ẹ jù ú síwájú ibi tó ń lọ, ẹ jẹ́ kó balẹ̀, kí ẹ wá fà á díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ wa láti Ọ̀bà á ti dà wá nìyí. Lọ́dọ̀ wa, tí ẹja bá ti fa okùn, a ó gbé ọ̀pá sókè wúyẹ́! Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún bonefish, fly á bọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀, torí abẹ́ imú ni ẹnu rẹ̀ wà. Ọ̀pá á wà nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ á kọ sí ẹja, ọwọ́ òsì lẹ máa fi fa okùn gbọọrọ títí yóò fi kàn. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ kíṣìnnì ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Nassau, olú ìlú Bahamas, àwọn afọ̀nàhàn máa ń wá jẹun lẹ́yìn kíṣìnnì. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò nípa àlejò wọn lójoojúmọ́: “Ó tún gbé ọ̀pá!” Ìgbà tí ìwọ̀ bá wọlé tán lẹ tó lè gbé e sókè. Ẹ wá jọ̀wọ́ okùn fún un o, torí ó lè sáré lọ tó 100 mítà kí ẹ tó pe Olúwa.

Kí ẹ tó lọ, ẹ lọ sí pápá bọ́ọ̀lù kan ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé táyà àlòkù sílẹ̀, kí ẹ máa ju okùn sínú rẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà 40, pàápàá nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sójú yín. Òwú ni kí ẹ so sí i lẹ́nu dípò ìwọ̀. Àwọn ọmọdé á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má dá wọn lóhùn. Kí ọmọ yín sì bá yín ra ìwé àṣẹ ìpẹja ti Florida.

*Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹja tútù ni mò ń tà ní Akẹ̀sán. Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn òyìnbó á náwó, wọ́n á pa ẹja yìí tán, wọ́n á tún dá a padà sómi? — Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́.*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o. Òótọ́ ni. Ní Florida, òfin ni láti 2013: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé bonefish relé. Àwọn ará Bahamas máa ń jẹ ẹ́ ní tiwọn, mo ti bá wọn jẹ ẹ́. Wọ́n á là á, wọ́n á fi ata àti iyọ̀ pa á lára, wọ́n á yan án. Ó dùn, ṣùgbọ́n eegun rẹ̀ ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nídìí oúnjẹ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹja ló yẹ kẹ́ ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹja tí ẹ bá tà lónìí ti tán. Bonefish kan tó wà láàyè, àlejò lè wọkọ̀ òfuurufú wá torí rẹ̀ lọ́dún yìí, kí òmíràn tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Owó ilé, owó ọkọ̀, owó afọ̀nàhàn, gbogbo rẹ̀ lórí ẹja kan náà. Àmọ́ ìdápadà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Fi omi rin ọwọ́ rẹ kó o tó fi kàn án, kó má kúrò nínú omi, kó má sì pẹ́ lọ́wọ́. Tí shark, ẹja ńlá tó ń pa ẹja mìíràn jẹ, bá wà nítòsí, ìjàǹbá ni kéèyàn tú ẹja tó ti rẹ̀ sílẹ̀, torí ó ti di oúnjẹ nìyẹn.

*Ẹ̀gbọ́n, ṣé a lè rí bonefish ní dáàmù Ọ̀bà tàbí ní òkun tiwa? Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ra kayak. — Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, Under-G.*

Àbúrò mi, ẹja òkun ni. Ibú òkun ló ń yé sí, ọmọ rẹ̀ á sì kọ́kọ́ máa bá omi rìn kiri kó tó wá sí etí òkun. Àrọ̀ àti ẹpìà ni ti Ọ̀bà. Ní etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan wà tí wọ́n fi erékùṣù Gorée ní Senegal sọ lórúkọ. Ẹpìà náà máa ń gba fly kékeré, o lè fi í kọ́ ọwọ́. Ní ti kayak, lọ bèèrè àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù kó o tó náwó. Omi tí ìlú ń mu nìyẹn, wọ́n lè má gbà kí ẹ gbé ọkọ̀ kankan lé e.