Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kan àwòrán yẹn

Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìbéèrè yín: àwòrán ọ̀dà olóròóró láti Jámánì, 1913 ni wọ́n kọ sí i, ẹ sì fẹ́ mọ èròjà tó wà nínú búlúù àti àwọ̀ ewé rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n họ ohunkóhun kúrò lára rẹ̀. Ó ṣeé ṣe dé àyè kan. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti funfun, torí funfun ló kó wa sí wàhálà.

Èyí tí bàbá ìyàwó mi fi sílẹ̀ ní Hamburg, 1912 ló wà lára tiẹ̀. Ilé ìtajà tó fẹ́ bá wa tà á ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò ná. Ọ̀mọ̀wé kan dé, ó gbé ẹ̀rọ XRF alágbèéká tó rí bí ìbọn jáde, èyí tó ń fi ìtànṣán X wá èròjà inú ọ̀dà, ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó ní títáníọ̀mù ti yọjú. Ọ̀rọ̀ bùṣe, ayédèrú ni. Beltracchi ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọkùnrin yẹn ló ya ayédèrú àwòrán Campendonk, ayàwòrán ará Jámánì, tó kọ 1914 sí, tí wọ́n tà ní 2006 ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 2 Yúrò. Funfun títáníọ̀mù ló tú àṣírí rẹ̀, torí inú àwọn ọdún 1920 ni funfun yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán. Ilé ẹjọ́ ní Köln rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 6 ní 2011. Látìgbà náà, bí àwọn ògbógi yìí bá ti fojú kan títáníọ̀mù, wọn kì í wádìí mọ́.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ yẹn kì í ka orúkọ àwọ̀, agbára ìtànṣán ló ń kà. Títáníọ̀mù ń yọ ní 4.51 keV (òṣùwọ̀n agbára ìtànṣán nìyẹn), báríọ̀mù ń yọ ní 4.47. Ẹ̀rọ alágbèéká kì í rí méjèèjì yà sọ́tọ̀ dáadáa. Báríọ̀mù sì kún inú ọ̀dà ìgbà yẹn: wọ́n fi ń bu ọ̀dà là, ó tún wà nínú lithopone, funfun olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi síǹkì àti báríọ̀mù ṣe. Òkè lọ́hùn-ún, nítòsí 32 keV, ni báríọ̀mù ti ń dá yọ, agbára iná inú ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ tó bíi 50 kV (kílófóòtì) kó tó rí i dáadáa. Ti ọ̀mọ̀wé wa kò tó bẹ́ẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilé ìtajà kọ àwòrán, àwọn mọ̀lẹ́bí ìyàwó mi ń sọ̀rọ̀ òkú bí ẹni tó lu jìbìtì, ìwé owó iṣẹ́ sì tètè dé ní tiẹ̀. Obìnrin kan tó ń tún àwòrán ṣe ló wá fi ẹ̀rọ tó lágbára wò ó: báríọ̀mù ni. Títáníọ̀mù gidi wà ní igun kan, níbi tí wọ́n ti tún un kùn lẹ́yìn ìgbà náà. Iná UV lásán, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí, ti fi í hàn, ó dúdú láàárín ọ̀dà àtijọ́. Ọ̀mọ̀wé kò tọrọ gáfárà títí dòní.

Ẹ má fi ọṣẹ tàbí itọ́ nù ún o! Kirchner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Die Brücke, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán Jámánì ìgbà yẹn, kò fẹ́ kí àwòrán wọn máa dán, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò ní fáníìṣì. Ara ọ̀dà gan-an lẹ ó nù. Ẹ má sì họ ọ́ fúnra yín, òjé lè wà nínú funfun, àrísẹ́níìkì nínú àwọ̀ ewé.

Ẹ ṣáà ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi UV wò ó, ìyẹn ò le. Búlúù kóbáàtì á fara hàn nínú XRF. Búlúù Prussia, irin lásán ni ẹ̀rọ máa rí. Èròjà inú ultramarine fúyẹ́, ẹ̀rọ alágbèéká kì í sábà mú un. Raman, ẹ̀rọ tó ń fi iná lésà dá èròjà mọ̀, ni kí wọ́n fi wo búlúù. Bí phthalocyanine, búlúù ìgbàlódé kan, bá jáde, 1935 nìyẹn tó dé ọjà, ẹ ní kí wọ́n wò ó bóyá àtúnṣe ni. Ní ti àwọ̀ ewé, kírómíọ̀mù láìsí òjé sábà máa ń jẹ́ viridian. Bàbà pẹ̀lú àrísẹ́níìkì ni emerald green, àmọ́ òjé àti àrísẹ́níìkì náà jọ ń yọ ní bíi 10.5 keV, kí wọ́n má tún fi ìyẹn dà yín láàmú.

Bí wọ́n bá ní àfi káwọn mú díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ tó orí abẹ́rẹ́, etí tó ti sán tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n ti mú un. Kò sì sí èyí tó máa sọ ẹni tó ya àwòrán náà fún yín nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ bi wọ́n ní iye kV kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Bí wọn ò bá rí i sọ, ẹ gbé àwòrán yín padà sílé.